Àṣá Kékeré Orí Òpó Iná: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀, Bí A Ṣe Lè Ya Fọ́tò Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo gbé wá sórí pátákó lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyẹ nìkan, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni àwọn ará àdúgbò ẹ̀yìn ilé-ìwé wa ti ń pariwo pé òròmọdìẹ àwọn ń dínkù. Ẹyẹ kékeré kan sì wà tó máa ń bà lórí òpó iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré wa láràárọ̀. Kíá, wọ́n ti dájọ́: "Àṣá yẹn lolè." Àwọn kan nínú wa ti ṣa òkúta sápò, wọ́n ti fa rọ́bà, wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá ta á lulẹ̀ ni wàhálà yóò tán.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹyẹ ò lè wá sí kóòtù wá rojọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò lè bá a rò ó. Olùkọ́ tó ń mójú tó Press Club wa gba àṣẹ kí n lè máa mú fóònù wá láàárọ̀, mo sì yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ya fọ́tò níbi ìnáwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ ẹyẹ náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo kọ́, kí ẹ̀yin náà lè ṣe é.

ÀṢÁ KÌ Í ṢE ẸYẸ KAN ṢOṢO

Nínú èdè wa, gbogbo ẹyẹ tó bá ní àgógó kíkọ̀, tó sì ń fi èékánná gbé ohun tó fẹ́ jẹ, àṣá la sábà máa ń pè é. Tó bá tóbi, tó ń rá bàbà lókè, a pè é ní àwòdì. Tó bá tóbi ju ìyẹn lọ, a pè é ní idì. Orúkọ wọ̀nyí dára fún ìtàn àti òwe, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di "ta ló jí adìyẹ?", wọn ò tó. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní "ọmọ ilé-ìwé kan ló fọ́ fèrèsé." Èwo nínú wa?

Ẹyẹ orí òpó wa yìí wà nínú ìran kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Falco. Apá ẹyẹ ìran yìí gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó lẹ́nu bí apá alápàńdẹ̀dẹ̀, kì í ṣe róbótó bíi ti adìyẹ. Ojú púpọ̀ nínú wọn dúdú kirikiri. Ẹ̀bá àgógó wọn lókè ní eyín kékeré kan tó yọ sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ń gé ọrùn ohun tí wọ́n bá pa. Wọn kì í kọ́ ìtẹ́ fúnra wọn. Orí àpáta ni wọ́n ń yé sí, tàbí inú ihò igi, tàbí inú ìtẹ́ àlòkù tí kannakánná tàbí ẹyẹ mìíràn ti kọ́ tì.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ní 2008, àwọn onímọ̀ tó yẹ DNA oríṣiríṣi ẹyẹ wò gbé àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n rí i pé ìran Falco kì í ṣe mọ̀lẹ́bí idì àti àwòdì tímọ́tímọ́ bí gbogbo ayé ṣe rò. Ó bá odídẹrẹ́ tan ju bó ṣe bá wọn tan lọ! Àgógó kíkọ̀ àti èékánná tó jọra kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá kan náà. Tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá lè wo ìrísí kí wọ́n sì ṣì í fún ọ̀pọ̀ ọdún, mélòó-mélòó àwa tó ń wo ẹyẹ láti ìsàlẹ̀ òpó?

ÀWỌN TÍ A LÈ RÍ NÍ AGBÈGBÈ ÒKÈ-ÒGÙN

Ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko gíga, igi tó jìnnà síra, àti àpáta ńláńlá bí Òkè Asabari. Irú ilẹ̀ yìí gan-an ni àwọn àṣá kéékèèké fẹ́ràn. Ẹ wo àwọn tó yẹ ká mọ̀:

1. Àṣá eléérú. Èmi ni mo fún un lórúkọ yìí o. Grey Kestrel ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, Falco ardosiaceus sì ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé onímọ̀. Láti orí dé ìrù, àwọ̀ eérú ni, kò sí pupa, kò sí funfun lára rẹ̀. Awọ tó yí ojú rẹ̀ ká yẹ́lò, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà yẹ́lò. Gígùn rẹ̀ tó bíi 30 sẹ́ńtímítà, ìyẹn gígùn rúlà tó wà nínú báàgì yín. Tó bá pa apá dé, orí apá náà kì í dé ìparí ìrù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ rá bàbà. Orí òpó tàbí igi gbígbẹ ló ń jókòó sí, yóò máa wo ilẹ̀, tó bá rí nǹkan, yóò já bọ́ lọ́gán. Nílé wa níbí ló ń gbé ní tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn.

2. Àṣá adúró-sójú-kan. Common Kestrel ni, Falco tinnunculus. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ pupa, àmì dúdú wínníwínní sì wà lára rẹ̀. Orí àti ìrù akọ jẹ́ eérú, ìlà dúdú gbàràgàdà sì wà ní ìparí ìrù. Ẹ óò mọ̀ ọ́n nítorí pé ó máa ń dúró sójú kan lófuurufú, apá rẹ̀ á máa gbọ̀n, orí rẹ̀ ò ní mì rárá, bí ẹni tí wọ́n fi okùn so kọ́ ojú ọ̀run. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ onílé, àwọn mìíràn ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wá lo àkókò ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa, wọ́n á sì padà lọ.

3. Àbúrò rẹ̀, Lesser Kestrel. Àlejò ọyẹ́ ni òun náà. Ó jọ èkejì débi pé ó lè da ọ̀gá rú. Ẹ wo èékánná: ti Lesser Kestrel funfun, ti Common Kestrel dúdú. Ẹ̀yìn akọ rẹ̀ kò ní àmì wínníwínní. Ẹ wá rí i pé láìsí fọ́tò tó mú ẹsẹ̀, ẹnì kan ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èwo ni.

4. Àṣá orí àpáta, Fox Kestrel. Gbogbo ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tí òkè àti àpáta bá wà ni ká ti máa wá a. Ẹ̀yin tí ilé yín súnmọ́ òkè, ẹ máa gbójú sókè.

5. Àṣá orí àgbọn olódù, Red-necked Falcon. Orí àti ọrùn rẹ̀ pupa, ìlà tín-ín-rín ló kún àyà rẹ̀. Eré ló fi ń lé àwọn ẹyẹ kéékèèké mú lófuurufú.

Àwọn mẹ́ta mìíràn wà tí kì í ṣe ìran Falco rárá, àmọ́ tí gbogbo èèyàn ń pè ní àṣá. Àkọ́kọ́ ni Black-winged Kite: àyà rẹ̀ funfun báláú, èjìká rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ pupa, òun náà máa ń dúró sójú kan lófuurufú, eku ló ń wá. Ìkejì ni Shikra: ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ eérú, àyà rẹ̀ ní ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, apá rẹ̀ kúrú, ó ṣe róbótó, ó máa ń gba àárín igi yọ sí èèyàn lójijì. Ìkẹta ni àwòdì gan-an, èyí tí àgógó rẹ̀ yẹ́lò. Ó tóbi tó ìlọ́po méjì àṣá eléérú nígùn, ìrù rẹ̀ là sí méjì bí ẹja. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa jù. Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn á gba apá àríwá lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

BÍ A ṢE Ń YA FỌ́TÒ RẸ̀

Òwe kan sọ pé àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Nínú òwe nìyẹn o! Àṣá orí òpó mọ̀ dáadáa. Kí ẹ tó rí i ló ti rí yín. Nítorí náà:

Ẹ mọ àsìkò rẹ̀. Agogo méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ló dára jù. Oòrùn ò tíì le, ẹyẹ ń wá oúnjẹ àárọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá di ọ̀sán, ooru tó ń gòkè láti ilẹ̀ á mú kí fọ́tò máa jó bí ẹni wo nǹkan nínú omi. Eruku ọyẹ́ náà ń ba àwòrán jẹ́. Bí ẹ bá ṣe jìnnà tó ni àwòrán á ṣe rí bíi pé èéfín bò ó tó.

Ẹ fi oòrùn sẹ́yìn yín. Tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹyẹ, gbogbo ara rẹ̀ á dúdú bí èédú, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá eérú ni tàbí pupa. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi ìka kan ẹyẹ náà lójú fóònù, kí ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ sókè, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ sí i lára rẹ̀. Lórí kámẹ́rà, ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ sí +1.

Ẹ má ṣe lọ bá a tààrà. Ẹni tó bá ń wo ẹyẹ lójú kòrókòró, tó ń bọ̀ gbọnrangandan, ọdẹ ni lójú rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, ẹ rìn díẹ̀, ẹ dúró, ẹ wolẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù. Tó bá ti ń mi orí sókè-sódò, ó ń díwọ̀n bí ẹ ṣe jìnnà sí i tó nìyẹn. Ẹ dúró síbẹ̀. Tó bá tẹ ara síwájú, tó sì yàgbẹ́, ó ti fẹ́ fò nìyẹn, ẹ ti súnmọ́ ọn jù.

Ẹ jókòó dè é. Àṣá eléérú ní ìjókòó tó fẹ́ràn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan mo ti mọ̀ pé òpó kẹta láti géètì ni tirẹ̀, igi gbígbẹ ẹ̀gbẹ́ pápá sì ni ìkejì. N kò lé e kiri mọ́. Mo ń lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kí ó tó dé. Ẹyẹ tó bá bá ẹ níbi tó o jókòó sí kì í bẹ̀rù rẹ bí èyí tó o wá bá.

Ẹ fi ọgbọ́n lo fóònù. Fífi ìka fẹ àwòrán lójú fóònù kò mú ẹyẹ súnmọ́ tòsí, ńṣe ló ń fọ́ àwòrán náà sí wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá rí awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ẹ fi ojú kámẹ́rà fóònù lé ojú kan lára awò náà, kí ẹlòmíràn bá yín dì í mú kó má gbọ̀n. Àwòrán tó máa jáde á yà yín lẹ́nu. Ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kó ya ọ̀pọ̀ fọ́tò léraléra, ọ̀kan á dára nínú rẹ̀. Ní ti kámẹ́rà, ẹyẹ tó jókòó lè gba 1/500 ìṣẹ́jú àáyá; èyí tó ń fò gbọ́dọ̀ tó 1/2000, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ apá rẹ̀ á di èéfín.

Ẹ ya gbogbo ara. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà nìyí. A máa ń fẹ́ fọ́tò ojú tó rẹwà. Ẹni tó fẹ́ dá ẹyẹ mọ̀ nílò ẹ̀yìn, àyà, abẹ́ ìrù, ẹsẹ̀ àti èékánná, àti apá nígbà tó bá nà án. Ẹ má pa fọ́tò tí kò dára rẹ́. Èyí tí ẹyẹ ti kẹ̀yìn síni lè jẹ́ òun ló máa sọ òtítọ́. Ẹ má sì fi ohunkóhun pa àwọ̀ rẹ̀ dà lórí fóònù, torí àwọ̀ ni ẹ̀rí.

Àwọn èèwọ̀ rẹ̀ nìyí o. Ẹ má gun òpó iná láéláé, ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà. Ẹ má lọ sórí àpáta ní ẹ̀yin nìkan, ejò ń bẹ níbẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni oko. Tí ẹ bá rí ìtẹ́, ẹ jìnnà sí i: bí ìyá bá fò kúrò, oòrùn lè se ẹyin tàbí kí kannakánná kó o jẹ. Ẹ má sì sọ ibi tí ìtẹ́ wà fún ẹni tó ní rọ́bà lápò.

OHUN TÍ FỌ́TÒ SỌ

Fọ́tò ẹyẹ òpó kẹta fi í hàn kedere: ara eérú láìlábàwọ́n, awọ yẹ́lò lójú, ẹsẹ̀ yẹ́lò, apá tí kò dé ìparí ìrù. Àṣá eléérú ni. Fọ́tò mẹ́sàn-án ló mú un pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́sẹ̀ tàbí lẹ́nu. Mẹ́fà jẹ́ tata, ẹsẹ̀ gígùn tata ń jó nínú afẹ́fẹ́. Méjì jẹ́ alángbá. Ọ̀kan ṣú, n kò lè bura sí i. Kò sí òròmọdìẹ níbẹ̀.

N kò wí pé ẹyẹ yìí ò lè gbé òròmọdìẹ láéláé. Àṣá eléérú wúwo tó bíi 250 gíráàmù, òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́yin ò ju bíi 40 lọ, agbára rẹ̀ ká a tó bá rí i ní gbangba. Fọ́tò mẹ́sàn-án kò sì tó láti fi dá ẹnikẹ́ni láre títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìyókù fọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí igbe ta lẹ́yìn fẹ́ǹsì, mo gbé kámẹ́rà sókè. Ẹyẹ tó ń gòkè lọ níbẹ̀ ní ìrù tó là sí méjì, àgógó rẹ̀ sì yẹ́lò. Àwòdì ni. Àṣá eléérú ṣì wà lórí òpó rẹ̀, ó wà nínú fọ́tò kan náà, ní igun òsì. Mo ti lẹ fọ́tò náà mọ́ ìsàlẹ̀ àròkọ yìí, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Ìyá kan lẹ́yìn fẹ́ǹsì wo fọ́tò náà títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbogbo wọn ṣáà ni àṣá." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrù wọn." Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Hẹ̀n, ọlọ́jà tí wọ́n mú kọ́ ló jalè."

ORÚKỌ BURÚKÚ LÈ PA ẸYẸ

Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé ni mò ń ṣe, kó gbọ́ ìtàn erékùṣù Mauritius, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà nínú òkun. Àṣá kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé, ìran Falco bíi ti wa. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi èdè Faransé pè é ní "ajẹ-adìyẹ". Nítorí orúkọ yìí, wọ́n ń yìnbọn fún un. Bẹ́ẹ̀, ọmọńlé inú igbó ni oúnjẹ rẹ̀ jù. Wọ́n tún gé igbó tó ń gbé, wọ́n kó ẹranko àjèjì wọ̀lú tó ń jẹ ẹyin rẹ̀, wọ́n sì fọ́n oògùn ẹ̀fọn DDT káàkiri. Nígbà tó fi di 1974, mẹ́rin péré ni wọ́n mọ̀ pé ó kù nínú igbó. Mẹ́rin! Iye ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì méjì ní kíláàsì wa.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Carl Jones, ọmọ ilẹ̀ Wales, débẹ̀ ní 1979. Òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń kó ẹyin láti inú ìtẹ́, wọ́n ń pa á, wọ́n ń tọ́ ọmọ, wọ́n sì ń dá wọn padà sínú igbó. Lónìí, àṣá náà ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu kò tíì kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Orúkọ tí kò tọ́ sí i wà lára ohun tó fẹ́ẹ̀ pa á run. Ẹni tó wò ó dáadáa ló gbà á là.

KÍ LÓ KÀN?

Ti adìyẹ ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí ọmọ adìyẹ tó ń sọnù, owó ẹlòmíràn ni. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé: kí wọ́n dé àgò lé òròmọdìẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, tàbí kí wọ́n so àwọ̀n sókè ibi tí wọ́n ń jẹ sí. Kí wọ́n má da ìfun ẹran sí gbangba, òun ló ń pe àwòdì wá. Àgò ń lé àwòdì, ó ń lé Shikra, ó ń lé ológbò pẹ̀lú. Rọ́bà ò lé ìkankan nínú wọn. Ẹyẹ tó bá jókòó jẹ́ẹ́ lórí òpó ló ń bá.

Ní ti àṣá eléérú, tata tó ń pa, ewé oko àwọn òbí wa ni ìbá jẹ. Nínú Old Oyo National Park tó bá wa pààlà, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣọdẹ ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ò mọ pààlà. Tó bá fò jáde síhìn-ín, ọwọ́ wa ló bọ́ sí.

Press Club ti gbé páálí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó yìí. Ẹni tó bá ya fọ́tò àṣá, tàbí tó yà á ní pẹ́ńsù, kó jù ú síbẹ̀, kó kọ nǹkan mẹ́rin sí i: ọjọ́, agogo, ibi tó ti rí i, àti ohun tó ń ṣe. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ A. P. Leventis ní Jos wà lára àwọn tó ń ṣe máàpù ẹyẹ gbogbo Nàìjíríà, ohun tí àwọn èèyàn bíi tiwa bá rí sì wúlò fún iṣẹ́ náà. Kò yẹ kí Òkè-Ògùn ṣófo lórí máàpù yẹn nígbà tí àwa ń rí ẹyẹ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ní rọ́bà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí gbogbo ẹyẹ ń bà, ojú yín sì yá ju ti èmi lọ. Ẹ wá bá wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, agogo méje àárọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò. Kámẹ́rà kan ló wà, a ó máa gbà á fúnra wa lọ́kọ̀ọ̀kan.